Ẹ Má Tu Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì Sínú Ihò Eyín

Nígbà tí a bá yọ eyín tó ti kẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò rẹ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí ara ń ṣe fún ara rẹ̀. Òun ló bo egungun tó wà nísàlẹ̀, orí rẹ̀ sì ni ẹran tuntun yóò ti hù. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń tọ́jú ní Adó-Èkìtì níbí ló ń fọ̀ ọ́ dànù lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n á délé, wọ́n á rí i pé itọ́ wọn pupa, wọ́n á po omi iyọ̀, wọ́n á máa fi ṣan ẹnu kíkankíkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Gọ́ọ̀sì (aṣọ funfun tí a fi ń di ọgbẹ́) tí a ká síbẹ̀, ẹ fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 sí 45 láìsọ̀rọ̀. Itọ́ tó pọ́n díẹ̀ kò léwu, ẹ gbé e mì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kún ẹnu, ẹ ká gọ́ọ̀sì mìíràn tó mọ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dá, ẹ padà wá. Omi iyọ̀ dára o, àmọ́ ó di lẹ́yìn wákàtí 24: ìdajì ṣíbí tíì nínú ife omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ dà á sẹ́nu, ẹ rọra yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀.

Àwa oníṣègùn eyín sábà máa ń kìlọ̀ nípa strọ́ọ̀. Ta ló ń fi strọ́ọ̀ mumi lọ́jà Ọba? Píọ̀ wọ́tà là ń mu: a ó fi eyín já igun ọ̀rá rẹ̀, a ó sì máa fà á. Fífà yẹn lè tu ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ẹ dà á sínú ife. Sìgá ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, èéfín rẹ̀ sì tún ń fa ìjinná ọgbẹ́ sẹ́yìn.

"Dókítà, ṣé mo lè jẹyán lónìí?" Mo máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí púpọ̀. Iyán ò burú. Ooru rẹ̀ àti ata ọbẹ̀ ló burú. Ẹ jẹ́ kí ẹnu tí abẹ́rẹ́ mú kú jí ná, kẹ́ ẹ má bàa gé ètè jẹ láìmọ̀. Lẹ́yìn náà, ògì tó ti tutù, ẹyin tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òkèlè iyán kéékèèké tó ti tutù díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ẹnu.

Ẹ má tú kápúsù sínú ihò náà, ẹ má fi aṣáà tàbí ògógóró sí i. Orísun àrùn ti bá eyín lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò nílò oògùn apakòkòrò mọ́. Ẹni tí a bá kọ metronidazole (Flagyl), ọ̀kan lára oògùn apakòkòrò, fún, kó jìnnà sí ẹmu àti ọtí gbogbo títí di ọjọ́ 2 lẹ́yìn tó bá lò ó tán. Ní ti ìrora, paracetamol wà. Ibuprofen náà dára lẹ́yìn oúnjẹ, àmọ́ kì í ṣe fún aboyún tàbí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àrùn kíndìnrín.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè máa wú sí i títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kó tó lọ sílẹ̀. Ìrora ní tirẹ̀ yẹ kó máa dín kù lójoojúmọ́. Bó bá ti fẹ́ lọ tán, tó wá padà lọ́jọ́ kẹta, tó ń ta dé etí, tí ẹnu sì ń rùn, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ yẹn ti jáde, kí egungun sì ti ṣí sílẹ̀. Àwọn eyín ńlá ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má kó oògùn lé oògùn. A ó fọ ihò náà, a ó fi oògùn dí i, ara á sì tètè fúyẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni wíwú tó bá sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn. Bí ahọ́n bá ń gbé sókè, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tí ibà mú, tí mímí sì ń nira, àrùn náà lè dí ọ̀nà èémí pa. Ẹ má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́. Ẹ wá ọkọ̀ lóru náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí aláìsàn jókòó nàró lọ́nà, kó má dùbúlẹ̀.