Bí a ṣe ń di bonsai sínú páálí kí ó tó wọ mọ́tò

Ẹ̀ka tí ó kán kọ́ ni ó sábà máa ń pa bonsai, igi tí a ń tọ́ kí ó má ga nínú ìkòkò kékeré, lójú ọ̀nà. Ẹ̀ka tí ó kán hàn sójú, igi bí ọdán a sì tún rú òmíràn bí ó bá yá. Inú ìkòkò ni ewu wà, níbi tí àwọn gbòǹgbò tín-ín-rín tí igi fi ń mu omi ti ń já nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá ń mì. Igi náà lè gúnlẹ̀ pẹ̀lú ewé tútù, kí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ẹni tí ó gbà á sì máa rò pé òun ni òun kò mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ìkòkò bonsai kò jìn, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó sì pọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kí omi lè tètè ro. Bí mọ́tò bá kó sí kòtò, orí igi a fì, ìdí rẹ̀ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń ti wáyà bọ ihò ìsàlẹ̀ ìkòkò láti so gbòǹgbò mọ́ ọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ́ igi náà.

Àṣà kan wà tí ó ń múni bínú: kí á máa ki fóòmù àti bébà bọ àárín ẹ̀ka títí páálí yóò fi kún dẹ́múdẹ́mú. Ìkòkò ni kò gbọdọ̀ mira. Ẹ̀ka kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun. Ìyá tí ń lọ sí ọjà Bódìjà kì í fi ọ̀já di orí ọmọ. Ìdí àti ẹ̀yìn ni ọ̀já ń gbà, orí a sì máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ó ṣe wù ú. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó sáré wọ mọ́tò, ọmọ ń bá a lọ. Bí ẹnìkan bá lọ dẹ ọ̀já nídìí, tí ó wá ki ìrọ̀rí yí orí ọmọ ká, ẹnu àwọn ìyá ọlọ́jà kò ní gba òun nìkan, yóò gba ìyá tó bí i pẹ̀lú.

Nítorí náà, a ó gé pákó tí ó bá ìsàlẹ̀ páálí mu rẹ́gí, a ó gbé ìkòkò lé e, a ó fi ọ̀rá bo ojú iyẹ̀pẹ̀, a ó sì fi aṣọ tí a ya gbọọrọ dè é mọ́ pákó, kí aṣọ náà gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìdí igi kọjá. Bí a bá gbá ìkòkò mú tí a gbé e sókè, kí pákó bá a dìde láìmì. Kí páálí ga ju igi lọ díẹ̀, kí ó sì ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni à ń bomi rin ín, kí omi lè ro tán. Ewé tí omi wà lára rẹ̀ tètè ń bu nínú páálí. A lè kọ “Ibí ni òkè” sí i lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ń to ẹrù sẹ́yìn mọ́tò Èkó ní Ìwó Road kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè kàwé, nítorí náà kí á dè é bí ohun tí wọn yóò fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.

Ti òkè òkun yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Amẹ́ríkà pẹ̀lú, kì í gba iyẹ̀pẹ̀ wọlé, nítorí kòkòrò àti aràn tí ojú kò rí tí ó ń gbé inú rẹ̀. A óò fọ gbòǹgbò mọ́, a óò fi nǹkan ọ̀rinrin wé e, a óò sì gba ìwé ẹ̀rí ìlera igi lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tí ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn. Òfin náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu.

Bí ọdán bá gúnlẹ̀ tí ó wọ́wé, kí á má tíì jù ú nù: kí á fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ibòji àti omi díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fẹ́, kì í ṣe ìkòkò tuntun.