Ìtàn kì í ṣe itan: bí ráìmù Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá fi "ìtàn" parí ìlà orin kan, tó fi "itan" parí ìkejì, tó wá ń yọ̀ pé òun ti rí ráìmù, ìyẹn ọ̀rọ̀ méjì tí ìparí wọn dún bákan náà, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló tàn án jẹ. Lójú fóònù tí kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni. Ẹnu ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, itan wà láàárín lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan là ń pa fún ọmọ lálẹ́, èkejì wà lókè orúnkún. Ní Ìbàdàn, níbi tí ọmọ tó ní fóònù àti bíìtì ti lè gbé orin jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, àṣìṣe yìí ti pọ̀ débi pé ó fẹ́ di òfin.

Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń wá ráìmù fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Kì í wo sípẹ́lì, ìró ló ń wò, torí "cough" àti "though" jọra lójú bí ìbejì, àmọ́ wọn ò mọ ara wọn lẹ́nu. Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní àkójọ kan tó lé ní 130,000 ọ̀rọ̀, tí wọ́n kọ ìró ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí wọ́n sì fi nọ́ńbà sàmì síbi tí ẹnu ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ á wá ibi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó gbẹ̀yìn, á gé ọ̀rọ̀ náà láti orí fáwẹ̀lì ibẹ̀ dé òpin, á sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní irú ìrù bẹ́ẹ̀ jáde. "Cat" á bá "hat" lọ: ráìmù pípé. Tí fáwẹ̀lì bá jẹ́ ọ̀kan náà àmọ́ tí kọ́ńsónáǹtì ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀, bíi "cat" àti "cap", ráìmù tó fara jọ nìyẹn. Ó tán.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn wá sórí Yorùbá, kò ní rí ìrù gé. Yàtọ̀ sí n àti m tí ń dá dúró, kò sí sílébù Yorùbá tí kì í fi fáwẹ̀lì parí. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje la ní, aránmúpè, èyí tí ń gba imú jáde, sì jẹ́ mẹ́rin tí a bá ka an àti ọn sí ọ̀kan. Mọ́kànlá péré. Ìyẹn ni pé tí a bá tẹ̀lé òfin Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi fáwẹ̀lì parí nínú èdè wa á wọ àpò mọ́kànlá: ata á bá ọba ṣe ráìmù, ọba á bá àgbà, àgbà á bá àṣá tó ń gbé òròmọdìẹ.

Ó dà bí kí èèyàn gbé kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gààrí ní Bódìjà lọ wọn ànkárá. Aṣọ á wọ inú kóńgò o, kódà á kún un, ẹni tó rà á á sì lè ní kóńgò mẹ́ta lòun rà. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó gbé e fún ò ní mọ̀ bóyá bùbá ló máa já sí tàbí fìlà. Tí télọ̀ bá wá bínú, tó ní èyí kì í ṣe aṣọ, òun náà ti ṣì í. Aṣọ ni. Kóńgò ni kò yẹ kó dé ibẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ń ṣe ráìmù, àti àwọn tó ń sọ pé Yorùbá ò ní ráìmù rárá, inú kóńgò kan náà ni gbogbo wọn ń wò.

Ohùn ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀n. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ á sọ àpò mọ́kànlá yẹn di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, dípò ká dúró sórí sílébù ìkẹyìn, a ó padà sẹ́yìn dé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ mú "ọjà": re, dò, ìyẹn àárín, ìsàlẹ̀. Ẹ yọ j kúrò, kí ẹ fi kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún tí a ní rọ́pò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti b dé y. Ọ̀pọ̀ á já sófo. F á mú ọfà wá, gb á mú ọgbà wá. Ọjà, ọfà, ọgbà: ohùn kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, kọ́ńsónáǹtì nìkan ló pààrọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí fáwẹ̀lì iwájú yí, ẹwà á wọlé, igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ á wọlé. Ọ̀fà tó wà ní Kwara á dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí ìsàlẹ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè kì í ranni lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi tò ó, ìdí ọ̀rọ̀ sì ni ráìmù ń gbé. Ohun tí ẹ̀rọ máa ń ṣe ni pé ó á da ọ̀rọ̀ dorí kodò kó tó tò wọ́n.

Ibì kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó dùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí olórin tó yan ohunkóhun, èdè ti bá a yan ìdajì. Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ kúkurú tí a kò fi méjì so pọ̀, e àti o kì í bá ẹ àti ọ gbé ilé kan náà. Tí ọ bá ti jókòó sí ìdí ọ̀rọ̀, fáwẹ̀lì o kò lè jókòó sí iwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́, ọjọ́ àti ọkọ́ fi ń wọlé pọ̀ bí ẹni dá aṣọ ẹbí, tí òjò, òwò àti òkò náà sì dá tiwọn lọ́tọ̀. A tó wà nídìí ọjà pàápàá kì í gba e tàbí o láàyè níwájú rẹ̀: ọba, ẹja, ọgbà ni. Ẹni tó bá ti rí fáwẹ̀lì ìkẹyìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí èyí tó ṣáájú, láì mọ̀ pé ẹnì kan ń ràn án lọ́wọ́. Olórin Gẹ̀ẹ́sì ò rí irú ìrànwọ́ yìí gbà.

Àkọtọ́ náà a máa fi ráìmù pamọ́. Ọn la ń kọ lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, an la ń kọ lẹ́yìn àwọn tó kù, bẹ́ẹ̀ ìró kan náà ni wọ́n nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìbọn àti ìran ò jọra lójú, etí ò sì rí ìyàtọ̀ kankan níbi tí wọ́n parí sí. Omi àti orin ńkọ́? M ti mú i inú omi ránmú kí lẹ́tà n tó débẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹnìkejì fún Ìbàdàn, á rí ìtàn, á rí àìsàn, á rí àwọ̀n tí ojú lè fò dá, á sì rí ọ̀dàn, èyí tí wọ́n ní inú "ẹ̀bá ọ̀dàn" ni orúkọ ìlú náà ti jáde. Àdán tó ń fò lálẹ́ ò sí níbẹ̀. Òkè lòun parí sí. Àwọn tó sì ń fi ará Ìbàdàn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣ di s lẹ́nu wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Kọ́ńsónáǹtì lèyí tí a kọ́kọ́ gé sọnù nínú ráìmù, kò bà á jẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì tó bára dọ́gba jáde, ó ní èyí kì í ṣe ráìmù, àwítúnwí ni. Etí tiwa ò le tó bẹ́ẹ̀. Àmàlà àti abùlà ò ní bá ara wọn jà nídìí l, yálà nínú àwo tàbí nínú orin. Bí wọ́n ṣe ń ki ìlú náà rèé: "Ìbàdàn mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé." Lé pàdé lé, ó sì dùn. Ẹ tún wo "nílé" yẹn: ní àti ilé ló run pọ̀. Ráìmù Yorùbá pọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń run mọ́ ara wọn, bí ra ọjà ṣe di rajà, tí ta ọfà di tafà. Ẹ̀rọ tó bá ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ò ní rí wọn láéláé.

Ó wá ku àwọn tó fara jọ, níbi tí Yorùbá ti já ọ̀nà tirẹ̀. Ráìmù pípé jẹ́ ọmọ ìyá kan, bàbá kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó fara jọ pín sí agbo ilé méjì. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jẹ́ ìyekan: lẹ́tà kan náà ló bí wọn, ohùn wọn ló yàtọ̀. Èkó àti ẹ̀kọ́ jẹ́ ọbàkan: ohùn kan náà ni baba wọn, lẹ́tà ni kò dọ́gba. Ilé tó ní ìyàwó méjì mọ̀ pé ìbátan méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún. Ẹ̀rọ tó bá kó wọn sójú kan lábẹ́ orúkọ "ó fara jọ" ti da ilé rú.

Ìyekan làwọn àgbà fẹ́ràn jù. "Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló ní ọpọlọ": ọmọdé wo ni kò tíì fi èyí ká ahọ́n ara rẹ̀ kò? Lẹ́tà dúró, ohùn ń sá kiri, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn ní 1984, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ewì alohùn, pé àwọn akéwì máa ń dìídì fi ohùn kan ko òmíràn lójú. Nítorí náà, ẹni tó fi itan gbe ìtàn lè jàre o, tó bá mọ̀ pé ìjà lòun dá sílẹ̀ láàárín wọn. Ìṣòro ni pé ó rò pé òun ń so wọ́n pọ̀ ni.

Ìlù dùndún ní tirẹ̀ kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Onílù tó ń fún ọsán rẹ̀ mọ́ra ò lè pe a tàbí b, ohùn nìkan ló ní. Létí ìlù, ọjà, ẹwà, ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ jẹ́ ráìmù pípé. Àwọn àgbà Ìbàdàn kì í yéé sọ ti ìlù tí ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba fi ń kéde ara rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ní orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni ìlù ọ̀hún ń pè, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ará Ìbàdàn gbọ́ ni: "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Ìlù mú baba wá, etí Ìbàdàn sì wá ìyá fún un.