Bí Linux ṣe dẹ́kun kíkan gbogbo ilẹ̀kùn láti wá dísíìkì

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ará Kémta kò fi orúkọ Kémta sílẹ̀ nínú igbó, ará Ìtòkú náà gbé Ìtòkú dání. Ilẹ̀ yí padà, orúkọ bá wọn dé. Níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Páńṣẹ́kẹ́, òun ni mo máa ń rántí bí mo bá ń ro bí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ṣe wá mọ dísíìkì.

Bí dísíìkì bá ṣe tẹ̀ lé ara wọn dé ni Linux fi ń sọ wọ́n lórúkọ: sda, sdb. Ẹ yí wáyà padà, orúkọ dàrú. Irinṣẹ́ tó bá ń wá dísíìkì á wọ inú /dev, àpò tí Linux ń kó orúkọ àwọn ẹ̀rọ sí, á máa kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Láyé ọjọ́un, orúkọ ibẹ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ẹnikẹ́ni nílé. Èyí tó dùn mí jù ni pé dísíìkì kan lè ní orúkọ méjì, dm-0 níhìn-ín, òmíràn nínú /dev/mapper, kí irinṣẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan wá yí sí /proc/partitions, níbi tí kernel (ọkàn Linux) ti kọ àwọn tó mọ̀ sílẹ̀. Ìyẹn sàn, ṣùgbọ́n kálukú ṣì ń dá wá tirẹ̀.

Inú dísíìkì gan-an ni ojútùú wà. Filesystem (ìlànà tí a fi ń to fáìlì sórí dísíìkì) kọ̀ọ̀kan ló ní ilà ojú tirẹ̀, àmì tí a fi ń dá a mọ̀: ti ext2 ni 0xEF53, ti Btrfs ni _BHRfS_M. UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ nìkan, sì ni orúkọ àbísọ, tí kì í yí padà bí a bá gbé dísíìkì kúrò lójú kan. Àkójọ kóòdù tí à ń pè ní libblkid ló ń ka ilà yìí; inú e2fsprogs, àpò irinṣẹ́ ext2, ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kó lọ sínú àpò irinṣẹ́ Linux mìíràn, util-linux 2.15, ní 2009. udev, ètò tó ń bójú tó /dev, tó dé ní 2003, máa ń gbọ́ lẹ́nu kernel bí dísíìkì tuntun bá wọlé, á sì so orúkọ rẹ̀ mọ́ /dev/disk/by-uuid.

Btrfs ló nílò irú ìdánimọ̀ yìí jù. Chris Mason bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Oracle ní 2007, ó wọ Linux 2.6.29 ní 2009. Filesystem kan lè tẹ́ ara rẹ̀ sórí dísíìkì mẹ́ta, kernel sì gbọ́dọ̀ mọ gbogbo wọn kó tó ṣí i. Irinṣẹ́ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ rìn ká /dev rí, ó ti ka /proc/partitions rí, kó tó gbé iṣẹ́ náà fún libblkid. Ọ̀pọ̀ ìlà kóòdù ni kò wúlò mọ́.

Oníbàárà kan gbé dísíìkì méjì wá bá mi, kò mọ èyí tó ṣíwájú. Mo so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, mo tẹ àṣẹ btrfs device scan, kí kernel lè mọ méjèèjì. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn pé.