Nikon Z6III: Ṣé ó yẹ kí n tìtorí rẹ̀ ta Z6II mi?

Nikon kéde kámẹ́rà Z6III, tó tẹ̀ lé Z6II, ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọ̀rọ̀ náà sì dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ tó ní Z6II lójú. Mẹ́gápíkísẹ́lì 24.5 tó wà nínú Z6II náà ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ iye tí wọ́n kéde rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,500 dọ́là, nígbà tó jẹ́ pé bíi 2,000 ni Z6II bẹ̀rẹ̀ ní 2020.

Ṣé àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti Z6II lọ ni?

Rárá. Lẹ́ńsì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà tó péye: ẹ ò ní mọ èwo ni èwo.

Kí wá ni wọ́n tún ṣe tí owó fi lé?

Eré ni wọ́n fi kún un. Tí ẹ bá ń lo ṣọ́tà (ohun tó ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó nínú fọ́tò) tí kì í dún, sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, kì í gba àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà lórí ìlà ló ń gbà á, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé. Kó tó dé ìsàlẹ̀, ohun tó ń sáré ti kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá gọ́ọ̀fù fi máa ń tẹ̀ kọrọdọ nínú fọ́tò, tí iná LED sì máa ń fa ìlà dúdú sí ara ògiri.

Ní ti Z6III, wọ́n kó ẹ̀rọ tó ń yára gba àwòrán sí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ sẹ́ńsọ̀ nìkan. Wọn ò tẹ́ ẹ sí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ bíi ti Z8 àti Z9 tó gbówó lórí jù ú lọ. Nikon ní ó fi ìlọ́po 3.5 yára ju Z6II lọ. Ó ń ya fọ́tò RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìdún, ó ń dá ẹyẹ àti ọkọ̀ òfuurufú mọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń ká fídíò RAW 6K sínú káàdì. Ṣùgbọ́n ìlà iná LED ò tán pátápátá. Tí ẹ bá rí i, ẹ padà sí ṣọ́tà tó ń dún.

Kí la pàdánù?

Ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán. Ẹ ya ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ní ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè), kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù kí ojú ọ̀run má baà funfun tán, kí ẹ wá fa apá tó dúdú sókè gan-an lórí kọ̀ǹpútà. Hóró-hóró á ti yọ lára ti Z6III nígbà tí ti Z6II ṣì ń jọ̀lọ̀. Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ o. Tí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò yín bá ti péye látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní rí i, bí ISO bá sì ti ga, ìyàtọ̀ náà ò tó nǹkan mọ́. Ẹni tó ń ya òkè àti odò lè ya mẹ́ta, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan déédéé, ọ̀kan mọ́lẹ̀, kó sì pa wọ́n pọ̀.

Lẹ́ńsì àti bátìrì mi ńkọ́?

Gbogbo lẹ́ńsì Z wọ̀ ọ́; bátìrì EN-EL15c kan náà ni.

Ìnáwó wo ló fara sin?

Káàdì CFexpress Type B tó yára, bí ẹ bá fẹ́ ká fídíò RAW. Káàdì XQD àtijọ́ máa wọlé, àmọ́ kò lè bá eré náà. Ohun kejì ni pé ètò ìtúnfọ́tòṣe tó ti pẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín lè má ṣí RAW kámẹ́rà tuntun. NX Studio tí Nikon ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ máa ṣí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé èmi ló kàn?

Ẹ kó àwọn fọ́tò tó bàjẹ́ jọ, kí ẹ wo ohun tó bà wọ́n jẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹyẹ fò kọjá, tí fókọ́ọ̀sì wà lára ẹ̀ka igi, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ń sáré nínú yàrá, tí ṣọ́tà wà ní 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, kámẹ́rà tuntun ò ní yanjú ìyẹn. Ẹ gbé ṣọ́tà lọ sí 1/500, kí ẹ sì fi owó yín ra lẹ́ńsì f/1.8, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé.

Tí mo bá fẹ́ ta Z6II, kí ni kí n ṣe?

Ẹ má dá a dúró sílé pẹ́, torí iye rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ni. Ẹ ya fọ́tò JPEG kan, kí ẹ fi ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ìsọfúnni inú fọ́tò, wo Shutter Count rẹ̀ (iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣiṣẹ́): 200,000 ni Nikon dán ṣọ́tà rẹ̀ wò dé, ẹni tó fẹ́ rà á yóò sì béèrè. Kí ẹ tó fi lé e lọ́wọ́, ẹ yọ káàdì méjèèjì, kí ẹ pa orúkọ yín rẹ́ níbi Copyright, kí ẹ sì yọ fóònù yín kúrò lára Bluetooth rẹ̀.