Bí ọ̀rọ̀ «villain» ṣe ti oko bọ́ sórí ìkà

Ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní villain nínú fíìmù ni ìkà tí gbogbo òǹwòran ń retí kí ọwọ́ tẹ̀. Ìwà ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní villainy. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbẹ̀ lásán ló ni orúkọ yìí tẹ́lẹ̀.

Látinú èdè Látìn ló ti wá. Villa ni àwọn ará Róòmù ń pe ilé oko àti ilẹ̀ tó yí i ká. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá di villanus. Lẹ́nu àwọn Faransé, ó di vilain. Àwọn ará Normandy, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066 ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí Ọba William Kìíní ní kí wọ́n ṣàkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti àwọn tó wà lórí rẹ̀ sínú ìwé Domesday lọ́dún 1086, nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló jẹ́ villani. Kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn wọn.

Nígbà tó yá, òfin dè wọ́n mọ́lẹ̀. Wọn kò lè ṣí kúrò láìgbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n ń ro oko rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń sanwó fún un kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ.

Àwọn onílẹ̀ yìí ló ń sọ Faransé, àwọn ló sì ń pe orúkọ náà. Lẹ́nu wọn, iṣẹ́ di ìwà: ẹni oko di ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́, ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ di ẹni tí kò níyì, ẹni tí kò níyì sì di ẹni tí kò sí ibi tí kò lè ṣe. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé àgbẹ̀ kò hùwà kankan tó fa èyí. Àwa náà mọ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ dáadáa. Bí ẹnìkan bá bú èèyàn ní «ará oko» nígboro Ìbàdàn, kì í ṣe oko ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n orí àìlajú ni tiwa dúró sí, kò dé orí ìkà.

Nígbẹ̀yìn, àkọtọ́ pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: villein fún àgbẹ̀ inú òfin, villain fún ẹni ibi. Lọ́dún 1381, àwọn àgbẹ̀ dìde, wọ́n ní kí Ọba Richard Kejì fòpin sí ìdè náà. Ọba gbà, ó tún yí ohùn padà, ṣùgbọ́n ìdè náà ń tú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pòórá. Villein bá a lọ sínú ìwé ìtàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ gba ọ̀nà kejì. Ọmọ ilé ńlá ni gentle túmọ̀ sí nígbà náà. Lónìí, ẹni pẹ̀lẹ́ ni.