Bí Agbára Ṣe Ń Wọ Inú Ìfà Lórí Ẹ̀rọ Ìtukọ̀ Inú Ilé

Bí ọkọ̀ Micra kan bá kú sí àárín ọ̀nà ní Dùgbẹ̀, tí awakọ̀ sì bẹ èrò pé kí wọ́n bá òun tì í, ẹni tí ó mọ ọkọ̀ tì kì í fi apá tì í. Yóò na apá rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, yóò tẹ̀ síwájú, yóò sì fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, apá kàn ń gbé iṣẹ́ náà dé ara ọkọ̀ ni. Nígbà tí táyà bá sì ti ń yí, ẹni tí kò bá lè yára tó ọkọ̀ kò ti nǹkan kan mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kàn lẹ̀ mọ́ páànù ni. Ẹsẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ àti ìyára tí ó gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó ti ń yí: orí ohun méjèèjì yìí ni agbára ìfà dúró lé lórí ẹ̀rọ ìtukọ̀ inú ilé, èyí tí àwọn oníjíìmù ń pè ní rowing machine.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ti Concept2, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Dick àti Pete Dreissigacker, gbé jáde ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ní 1981, kí àwọn atukọ̀ lè rí ohun fi ara ṣe nígbà tí yìnyín bá bo odò. Ìbàdàn kò ní yìnyín. Ohun tí ó ní ni omi Eléyẹlé, níbi tí apẹja ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ pẹ̀lú ojú síwájú. Atukọ̀ eré ìdárayá kì í jókòó bẹ́ẹ̀; ẹ̀yìn ni ó ń kọ sí ibi tí ó ń lọ, gẹ́gẹ́ bí Chierika Ukogu ṣe jókòó nígbà tí ó di ẹni àkọ́kọ́ tí ó tukọ̀ fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì, ní Rio ní 2016. Ìjókòó yẹn ni ó ń jẹ́ kí itan àti ẹ̀yìn bá apá dá sí iṣẹ́ náà, òun náà ni wọ́n sì gbé wá sórí ẹ̀rọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò jókòó lórí àga kékeré tí ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí irin gígùn kan, yóò de ẹsẹ̀ mọ́ pátákó méjì, yóò sì di ọ̀pá kan mú, tí ṣéènì so mọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n to abẹ̀bẹ̀ yí ká. Bí a bá fa ọ̀pá, kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀ yìí yóò yí. Bí a bá dá ọ̀pá padà, ṣéènì yóò wọlé ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò ní dúró, bí táyà básíkù ṣe ń yí lọ nígbà tí ẹni tí ó ń gùn ún ti ṣíwọ́ pẹ́dà. Kò lo iná. Bátìrì ni ojú ẹ̀rọ tí ó ń ka òǹkà ń jẹ, nítorí náà bí NEPA bá mú iná lọ, fáànù inú yàrá nìkan ni yóò kú.

Afẹ́fẹ́ ni ó ń dí kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń yára sí i ni afẹ́fẹ́ ṣe ń le sí i, kì í sì í ṣe ní déédéé: bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò gbà yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ojú ẹ̀rọ máa ń fi iye àkókò tí 500 mítà yóò gbà hàn, ó sì lè fi agbára hàn ní wáàtì. Ẹni tí ó ń fi ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ 500 mítà ń lo nǹkan bí wáàtì 104. Bí ó bá fẹ́ fi ìṣẹ́jú 2 géérégé lọ ọ́, yóò tó 203. Bí ó bá fẹ́ dín ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré kù sí i, yóò di 302. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́ ná an ní nǹkan bí wáàtì 100, ìṣẹ́jú-àáyá 15 tí ó tẹ̀lé e sì ná an ní 100 mìíràn. Nígbà tí Josh Dunkley-Smith, ọmọ Ọsirélíà, fi ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35.8 tukọ̀ 2000 mítà lórí ẹ̀rọ yìí ní 2018, agbára tí ó ń tú jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń lọ sí nǹkan bí wáàtì 590, bí a bá pín in dọ́gba.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí òǹkà bá ti fẹ́ máa burú, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n máa fà wìrìwìrì. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni méjì tí àwọn méjèèjì ń fi ìṣẹ́jú 2 lọ 500 mítà, tí ó túmọ̀ sí 250 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fa ọ̀pá ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú náà, ìfà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé e lọ ní mítà 8 ó lé díẹ̀. Ẹnì kejì tí ó fà á ní ìgbà 20 ń rí mítà 12 àti ààbọ̀ nínú ìfà kan. Ojú ẹ̀rọ kò fi ìyàtọ̀ kankan sí àárín wọn, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ ìdíje, ẹnì kejì ṣì ní àyè láti fi iye ìfà kún iṣẹ́ rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ ti ná tirẹ̀ tán.

Ìfà kan ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Orúnkún ká, ojúgun dúró ṣánṣán, ara tẹ̀ síwájú láti ìbàdí láìjẹ́ pé ẹ̀yìn tẹ̀ kòrọ̀bọ̀tọ̀, apá sì nà gbọọrọ. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: yóò ti pátákó, orúnkún yóò máa nà, ara yóò ṣì tẹ̀ síwájú bí ó ṣe wà, ìgbọ̀nwọ́ kò ní ká rárá. Nígbà tí orúnkún bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán ni ìbàdí yóò tó ṣí, tí ara yóò fi fà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí ara bá ti fà sẹ́yìn ni ìgbọ̀nwọ́ yóò ká, tí ọ̀pá yóò fi kan abẹ́ àyà. Bí a bá ń padà lọ síwájú, èyí tí ó ṣe kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ ṣe: apá yóò nà, ara yóò tẹ̀, orúnkún yóò wá ká. Àwọn olùkọ́ sábà máa ń sọ pé nínú iṣẹ́ 100, ẹsẹ̀ ń ṣe nǹkan bí 60, tí ẹ̀yìn àti apá sì ń pín ìyókù.

Ìdí tí ìtẹ̀lé-ara-wọn yìí fi ṣe pàtàkì ni pé iṣan itan tóbi, ti apá kéré, gbogbo ohun tí itan bá sì ṣe ní láti gba apá kọjá kí ó tó dé ara ṣéènì. Apá tí ó nà dà bí okùn. Ẹni tí ó ń fa omi ní kànga kò retí pé kí okùn bá òun fà, kí ó ṣáà má ti já ni. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ká kí ẹsẹ̀ tó tì tán, iṣan apá kékeré yìí ni yóò máa gbé ohun tí itan gbé wá, yóò sì rẹ̀ ẹ́ kíákíá. Àṣìṣe kejì burú ju ìyẹn lọ, ó sì ṣòro fún ẹni tí ó ń ṣe é láti mọ̀: ìdí yóò sá lọ sẹ́yìn pẹ̀lú àga, ọ̀pá kò sì ní tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ ti nà tán, kẹ̀kẹ́ kò gba nǹkan kan, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó kù tí yóò wá gbé ẹrù náà. Kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ó fi fóònù ya fídíò. Bí àga àti ọ̀pá kò bá gbéra pọ̀, àṣìṣe náà wà níbẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ tún máa ń ya àwòrán bí agbára ṣe ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ìfà kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ó rí bí òkè kan ṣoṣo, tí ó gòkè kíákíá, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìní kòtò. Bí ó bá ní iké méjì, bí irú ràkúnmí kan, àlàfo ti wà láàárín ìgbà tí ẹsẹ̀ parí àti ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, àwòrán yìí wúlò fún ẹni tí ó ń kọ́ ju òǹkà lọ, nítorí pé òǹkà ń sọ iye tí a rí, àwòrán ń sọ ibi tí a ti sọ ọ́ nù.

Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀, tí a kọ 1 títí dé 10 sí, tí ó ń ṣí fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń sáré gbé e lọ sí 10, bí ẹni pé níbẹ̀ ni agbára wà. Kò sí níbẹ̀. Ṣíṣí fèrèsé kàn ń mú kí kẹ̀kẹ́ tètè rọlẹ̀, kí ìfà sì wúwo, kí ó lọ́ra, bí awakọ̀ tí ó fi jíà kẹrin gun Òkè Ààrẹ. Láàárín 3 sí 5 ni àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà gbani níyànjú pé kí a ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkà ara fèrèsé pàápàá kò ṣeé gbára lé pátápátá. Nígbà ọyẹ́, eruku Ìbàdàn a máa wọ inú ilé gbogbo. Ẹni tí ó bá tú ìdérí kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn ọyẹ́ yóò rí i pé eruku àti òwú aṣọ ti dí ihò àwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gbà, débi pé 5 lórí ẹ̀rọ ìdọ̀tí lè fúyẹ́ ju 3 lórí èyí tí wọ́n fọ̀. Láàárín ìfà kan àti èkejì, ojú ẹ̀rọ ń wọn bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń rọlẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ di òǹkà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní drag factor. Ìyẹn ni kí a wò. Ọ̀pọ̀ eléré máa ń fi í sí àárín 100 sí 130.

Láti gbé agbára ìfà ga, a ní láti dín iye ìfà kù, kí a sì fi kún ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí a bá ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 mú ara gbóná, a lè fa ọ̀pá ní ìgbà 18 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí títì ẹsẹ̀ le, kí ìpadàbọ̀ sì gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta àkókò tí ìfà gbà. Ìpadàbọ̀ tí kò kánjú yìí ni ọ̀pọ̀ ń fojú rénà, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni ara ti ń rí àyè múra sílẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, a lè ṣe ìfà 10 pẹ̀lú gbogbo agbára, kí a fi ìṣẹ́jú méjì sinmi, kí a tún un ṣe ní ìgbà mẹ́fà. Bí wáàtì bá ti ń já wálẹ̀, ó ti tó. Ẹ̀ẹ̀mejì irú iṣẹ́ líle yìí tó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín wọn. Fífi ẹsẹ̀ nìkan tì, pẹ̀lú apá nínà àti ara tí kò fà sẹ́yìn, tún dára fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Gbígbé irin ń ran èyí lọ́wọ́, pàápàá gbígbé e kúrò nílẹ̀, èyí tí aláàárù ọjà Bódìjà mọ̀ láìlọ sí jíìmù: yóò lóṣòó, yóò fa àpò ìrẹsì kìló 50 mọ́ra, yóò sì fi itan dìde pẹ̀lú ẹ̀yìn tí ó nà. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni ibi tí àwọn atukọ̀ ti ń fara pa jù. Bí ìrora bá mú níbẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí a fi drag factor kan náà àti ìfà 20 ní ìṣẹ́jú kan ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, bí a ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a sì fi wáàtì méjèèjì wé ara wọn. Bí òǹkà bá kúrò ní 150 tí ó di 165, ìfà kọ̀ọ̀kan ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún ohun tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iye ìfà ti yọ́ gòkè dé 22 kí a tó rí 165 náà, ìfà wà bí ó ṣe wà. Ọwọ́ ni ó yá sí i.