Ẹ̀kọ́, Ẹ̀fọ́ àbí Ẹ̀tọ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ayàwòrán tí Etí Rẹ̀ Ń Kú

Ìròyìn rédíò kan ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ayàwòrán kan tí etí rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀ sọ pé àìgbọ́ràn náà gan-an ni òun ń yà, bẹ́ẹ̀ àwòrán rẹ̀ kò ní ojú ènìyàn, kò ní ilé, kò sì ní igi.

Ṣé àwòrán tí kò jọ ohunkóhun lè ní ìtumọ̀?

Ó lè ní in. Ìlà àti àwọ̀ nìkan ló wà lára òfì tí wọ́n ń hun nílùú wa, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ojú ta ló wà níbẹ̀.

Ṣé inú ìdákẹ́jẹ́ ni ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa wà?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mọ̀. Àwọn irun wẹ́wẹ́ kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ìró. Àwọn tó ń gba ìró tínrín ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú, wọn kì í sì í tún hù. Nítorí náà, onítọ̀hún ṣì ń gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ìró bíi f, k, s àti t ń bọ́ mọ́ ọn létí. Ẹ pe “ẹ̀kọ́”, “ẹ̀fọ́” àti “ẹ̀tọ́”: ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ẹni tó dúró láàárín ariwo Ọjà Ọba yóò gbọ́ bí ohùn ṣe lọ sílẹ̀ tó sì gòkè, láìmọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ pè. Bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n onígángan máa ń fi oríkì gbe ọ̀rọ̀ lẹ́yìn kí ó lè yéni, nígbà tí ẹni tí etí rẹ̀ ń kú ní láti fi ojú wá ìyókù lẹ́nu wa, láàárọ̀ títí di alẹ́. Àárẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Báwo ni ìyẹn ṣe ń di àwòrán?

Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àwọ̀ aró lè tẹ́ lọ rẹrẹ títí yóò fi rá wọ inú àwọ̀ mìíràn. Ìlà pupa kan yóò bẹ̀rẹ̀, yóò já lójijì, àlàfo funfun yóò tẹ̀ lé e, ìlà náà yóò sì tún yọ níwájú. Lójú tèmi, àlàfo yẹn ni ọ̀rọ̀ tí kò wọlé. Ẹ má ṣe yára fojú fò ó.

Ṣé òun ni ayàwòrán àkọ́kọ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí?

Rárá. Àìsàn tó kọlu Goya, ayàwòrán ará Sípéènì, ní ọdún 1792 di í létí pátápátá. Láàárín ọdún 1819 sí 1823, ó ya àwọn àwòrán tó ṣókùnkùn sára ògiri ilé rẹ̀.

Ṣé kí a máa pariwo mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ariwo ń gbé ohùn sókè, kì í dá f àti k padà. Ẹ kọjú sí i níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n, bí kò bá sì gbọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́.

Kí ló yẹ kí a bẹ̀rù fún etí tiwa?

Èèyi, yírùnyírùn, abẹ́rẹ́ jẹ̀ntamáísìnì (oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn) tí a gbà láìsí àṣẹ dókítà, àti ariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ariwo 80 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó) má kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Bí ẹ bá ń lọgun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ọlọ̀ kí ẹni tó wà nítòsí tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ yé ki ìyẹ́ adìẹ bọ etí. Bí a bá sì pe ọmọ tí kò wẹ̀yìn, ẹ má tíì pè é ní olóríkunkun. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá.